Ariwo kọ́ ni agbára: ẹ dá àpótí fílítà tọ́bò yín padà

1/
Ẹ̀yin tó ń wa ọkọ̀ tọ́bò ní Ọ̀tà, láti Toll Gate dé Joju, dé Ìyànà Ìyẹsí, títí dé Atan, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Tẹ́ ẹ bá yọ àpótí fílítà tó bá ọkọ̀ yín dé, tẹ́ ẹ wá fi páìpù dídán àti fílítà tó wà ní ìhòòhò rọ́pò rẹ̀, agbára tẹ́ ẹ máa rí kò tó nǹkan. Eruku tẹ́ ẹ máa rí ló máa pọ̀. Màá sọ ìdí rẹ̀, màá sì ṣe ìṣirò rẹ̀. Ó gùn díẹ̀ o, ẹ fara balẹ̀ kà á.

2/
Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mi ò mọ fàájì. Mo fẹ́ràn ọkọ̀ tó ń sáré. Ìró "fííí... pṣṣ" tí tọ́bò máa ń ṣe yẹn, ara mi máa ń yá gágá tí mo bá ti gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n owó ò sí nílẹ̀ mọ́. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní May 29, 2023, gbogbo wa la mọ ohun tá à ń rí ká tó gbé mọ́tò kúrò nílé. Ẹni tó ní mọ́tò kan ṣoṣo, tó ń fi ṣe Bolt láàárín ọ̀sẹ̀, tó tún ń fi ṣe ìgbádùn lọ́jọ́ Sunday, kò yẹ kó fi ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ nítorí fídíò tó rí lórí Instagram.

3/
Irú ọkọ̀ tí mò ń sọ nìyí: Golf GTI, Audi A4, BMW 328i láti 2012, Benz C300 láti 2015, Sonata 2.0T, Accord 1.5T. Tòkunbọ̀ wọn wà káàkiri ọ̀nà wa. Wọn kì í sì í ṣe ọ̀lẹ látilẹ̀wá. Sonata 2.0T ti 2011 jáde pẹ̀lú agbára ẹṣin 274. Golf GTI ìran kẹfà tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà ní 200. Accord 1.5T ti 2018 ní 192. Ìbéèrè mi ni pé: ẹṣin mélòó ni páìpù tuntun lè fi kún un, kí ló sì máa gbà lọ́wọ́ yín?

4/
Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí tọ́bò ń ṣe. Alfred Büchi, ẹnjíníà ará Switzerland, ló gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1905. Èéfín gbígbóná tó ń lọ sí sàláńsà ló máa ń yí fáànù kékeré kan. Fáànù yẹn àti èkejì rẹ̀ wà lórí irin kan náà. Èkejì yìí ló ń fa afẹ́fẹ́ láti ìta, tó ń kì í wọnú ẹ́ńjìnnì tipátipá. Ó lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ fi nọ́ńbà yẹn sọ́kàn, a máa padà sí i tá a bá dé orí ọ̀rọ̀ eruku.

5/
Afẹ́fẹ́ lóúnjẹ ẹ́ńjìnnì. Kí bẹntiróòlù kg 1 tó lè jó bó ṣe yẹ, ó nílò afẹ́fẹ́ tó tó kg 14.7. Ẹ́ńjìnnì tó ń mú ẹṣin 200 jáde máa ń fa nǹkan bíi kg 9 afẹ́fẹ́ ní ìṣẹ́jú kan tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pátápátá. Tá a bá fi líítà wọ̀n ọ́n, ó ju 7,000 lọ. Ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo o!

6/
Ibẹ̀ ni àwọn tó ń ta cold air intake ti máa ń mú wa: "Ṣebí afẹ́fẹ́ lóúnjẹ? Ẹ la ọ̀fun ẹ́ńjìnnì yín kó lè jẹun dáadáa." Ó dùn létí. Fún ẹ́ńjìnnì tí kò ní tọ́bò, òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, torí ohunkóhun tó bá dí ọ̀nà afẹ́fẹ́, ẹ́ńjìnnì yẹn ló máa jìyà rẹ̀ tààrà. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ tọ́bò, ẹnì kẹta wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Brain box ni.

7/
Brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà ọkọ̀, ló ń pinnu iye afẹ́fẹ́ tó gbọ́dọ̀ wọlé. Sẹ́ńsọ̀ wà tó ń sọ fún un bí ìfúnpá afẹ́fẹ́ ṣe tó. Tí kò bá tíì tó, á pa ilẹ̀kùn kékeré tí wọ́n ń pè ní wastegate dé, kí èéfín tó pọ̀ sí i lè yí tọ́bò. Tó bá ti tó, á ṣí i, èéfín á gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Ohun tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ kọ sínú rẹ̀ ló ń tẹ̀ lé. Kò mọ̀ pé ẹ ti ra páìpù tuntun.

8/
Ẹ rò ó bí ẹni lọ sí búkà. Ìyá olóúnjẹ ní ṣíbí ìrẹsì mẹ́ta lòún máa bù fún owó tẹ́ ẹ mú wá. Tẹ́ ẹ bá gbé abọ́ tó tóbi bí agbada kalẹ̀, ṣíbí mẹ́ta náà ló máa bù. Abọ́ yín tóbi lóòótọ́, àmọ́ ìwọ̀n ò yí padà. Páìpù ńlá ni abọ́ yẹn. Brain box ni ìyá olóúnjẹ.

9/
Ó yá, ìṣirò. Ká ní afẹ́fẹ́ ìta wà ní 101 kPa, brain box sì fẹ́ 200 kPa nínú ẹ́ńjìnnì. Ká ní àpótí fílítà tó bá ọkọ̀ dé jẹ kPa 3 lójú ọ̀nà. Tọ́bò máa gba 98, á sọ ọ́ di 200, ìyẹn ìlọ́po 2.04. Ká wá ní páìpù tuntun jẹ kPa 1 péré. Tọ́bò máa gba 100, á sọ ọ́ di 200, ìlọ́po 2 gééré. Ẹ rí i? 200 kan náà ló wọlé nígbà méjèèjì. Ohun tó yàtọ̀ ni pé tọ́bò ṣe làálàá díẹ̀ kù.

10/
Ṣé làálàá tó dín kù yẹn ò já mọ́ nǹkan ni? Ó já mọ́ nǹkan díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fún afẹ́fẹ́ pọ̀, á gbóná. Tí afẹ́fẹ́ ìta bá wà ní 33°C, tí tọ́bò náà sì mọṣẹ́ rẹ̀ dé ìwọ̀n 70 nínú 100, afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára rẹ̀ á tó nǹkan bíi 132°C pẹ̀lú àpótí àtijọ́, á sì tó 129°C pẹ̀lú páìpù tuntun. Tó bá gba inú intercooler kọjá, ìyàtọ̀ tó máa kù ò ju nǹkan bíi 1°C lọ. Èrè yín nìyẹn. 1°C.

11/
Àmọ́ ẹ dúró ná. Ìṣirò yẹn gbà pé fílítà tuntun yín ń fa afẹ́fẹ́ ìta. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ṣe báyìí, kí lẹ máa rí? Fílítà tó jókòó sínú ooru ẹ́ńjìnnì, tí kò sí ohunkóhun tó bò ó. Orúkọ rẹ̀ ni "cold air", ẹ̀gbẹ́ ààrò ló ń gbé. Àpótí tẹ́ ẹ jù sílẹ̀ ló ní ọ̀nà tó lọ tààrà síwájú ọkọ̀ láti fa afẹ́fẹ́ tútù.

12/
Ká ní afẹ́fẹ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì jẹ́ 60°C, tí kò ṣòro rárá tẹ́ ẹ bá ti há sínú go-slow Joju fún wákàtí kan. Pẹ̀lú ìṣirò kan náà, afẹ́fẹ́ tó máa jáde lára tọ́bò á lé ní 160°C. Tí intercooler bá kó ìdá 70 nínú 100 ooru yẹn kúrò, ohun tó máa wọ ẹ́ńjìnnì á fi nǹkan bíi 10°C gbóná ju ti àpótí àtijọ́ lọ. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́. Ìyẹn máa gba nǹkan bí ìdá 3 nínú 100 agbára yín. Lára ẹṣin 200, nǹkan bí ẹṣin 6 ti já okùn lọ nìyẹn.

13/
Ẹnì kan á ní: "Ta ló ń sáré nínú go-slow? Tí ọ̀nà bá ti là, afẹ́fẹ́ á fẹ́ ooru yẹn dànù." Ó tọ́, tẹ́ ẹ bá ti sáré fún ìgbà díẹ̀, ó máa dín kù. Ṣùgbọ́n ìgbà wo lẹ nílò agbára gan-an? Nígbà tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú go-slow tẹ́ ẹ fẹ́ já tírélà sílẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni ooru ṣì pọ̀ jù lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

14/
Ẹ tún fi ojú ọjọ́ wa kún un. Ìlànà SAE J1349 tí wọ́n fi ń ṣírò agbára ẹ́ńjìnnì ní Amẹ́ríkà, 25°C ló gbé e lé. Ọ̀tà kì í sábà rí 25°C lọ́sàn-án. Lọ́jọ́ tí ọ̀rinrin bá pọ̀, tí ooru sì wà ní 30°C, omi tó ti di afẹ́fẹ́ máa ń gba nǹkan bí ìdá 3 nínú 100 ààyè afẹ́fẹ́, ìyẹn ààyè tí òyì iná ì bá wà. Ọkọ̀ yín ti ń jìyà ojú ọjọ́ kẹ́ ẹ tó dá ooru ẹ́ńjìnnì padà sí i lẹ́nu.

15/
"Ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ sára páálí!" Ẹ ka páálí yẹn dáadáa. Èyí tó bá sọ pé "up to 20 hp", títí dé 20 ni ìtumọ̀ rẹ̀. Títí dé kì í ṣe ó kéré tán. Òdo náà wà nínú títí dé 20. Tí mo bá sọ pé mo lè fún yín ní nǹkan títí dé mílíọ̀nù kan náírà, tí mo wá fún yín ní ọgọ́rùn-ún, ṣé mo parọ́ ni?

16/
Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn agbára, dyno, náà ní ọgbọ́nkọ́gbọ́n tiẹ̀. Wọ́n á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ gbayawu, wọ́n á gbé fáànù ńlá síwájú ọkọ̀. Lọ́jọ́ yẹn, fílítà onìhòòhò ń mí afẹ́fẹ́ tútù bí ọmọ ọba. Ta ló ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wa mọ́tò lọ sí Ìdírókò? Ọkọ̀ kan náà, lórí dyno kan náà, lè fi ẹṣin mélòó kan yàtọ̀ láàárín àárọ̀ àti ọ̀sán. Tí èrè tí wọ́n fi hàn yín bá jẹ́ ẹṣin 4, ó lè jẹ́ ojú ọjọ́ ló yí padà.

17/
Ká tiẹ̀ gbà pé ẹ rí ẹṣin 5 gidi. Lára ọkọ̀ kg 1,400 tó ní ẹṣin 200, ohun kan náà nìyẹn bíi kẹ́ ẹ gbé ẹrù kg 34 kúrò nínú ọkọ̀. Àpò ìrẹsì kan jẹ́ kg 50. Ẹ ṣí bùùtù yín wò. Táyà tó ti gbó, jáàkì méjì, kẹ́ẹ̀gì omi, irinṣẹ́ tẹ́ ẹ ò tíì fọwọ́ kàn láti ọdún tó kọjá. Ẹ kó o jáde lónìí, lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ ti rí agbára páìpù yẹn.

18/
Kí wá nìdí tó fi ń ṣe àwọn èèyàn bíi pé ọkọ̀ wọn ti ń fò? Etí ni. Àpótí fílítà ń ṣe iṣẹ́ méjì: ó ń sẹ́ eruku, ó sì ń pa ariwo mọ́. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, gbogbo ìró tọ́bò á jáde síta. Ọpọlọ yín á gbọ́ ariwo, á ní eré ni. Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré: ẹnì kan ṣe é ní àdúgbò, ó dún, gbogbo wa sáré tẹ̀ lé e. Kò sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n.

19/
Tó bá jẹ́ pé ariwo lẹ fẹ́ rà, kò sí wàhálà. Owó yín ni. Èmi ò ní bá ẹni tó fẹ́ gbádùn mọ́tò rẹ̀ jà. Ẹ ṣáà pe orúkọ ohun tẹ́ ẹ rà. Ẹ má sọ fún ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra Golf pé ẹṣin 20 ló máa rí. Ó máa gbà yín gbọ́, ó máa yáwó rà á.

20/
Ó yá, a ti dé orí eruku. Ìlú wo là ń gbé? Ìlú ilé iṣẹ́. Tírélà, típà, táńkà, tọ̀sán tòru. Ibi tí ọ̀dà ti bó kúrò, erùpẹ̀ pupa ló kù, gbogbo táyà tó bá sì kọjá ló ń gbé e sókè. Tí ọyẹ́ bá dé, ẹ fọ mọ́tò láàárọ̀, tó bá di ìrọ̀lẹ́ ẹ lè fi ìka kọ orúkọ yín sára rẹ̀. Afẹ́fẹ́ yẹn náà lẹ́ńjìnnì yín ń fà, líítà 7,000 ní ìṣẹ́jú kan.

21/
Yanrìn wà nínú eruku. Yanrìn le ju alumíníọ̀mù lọ fíìfíì, alumíníọ̀mù ni wọ́n sì fi ṣe fáànù tọ́bò tó ń fa afẹ́fẹ́ nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ bẹntiróòlù. Nígbà tí nǹkan bá ń yí ní 100,000 ní ìṣẹ́jú kan, hóró yanrìn kan dà bí òkò. Á jẹ etí fáànù yẹn díẹ̀díẹ̀. Èyí tó bá kọjá á lọ ha ògiri sílíńdà àti rìǹgì, á bọ́ sínú ọ́ìlì. Ọ́ìlì yẹn kan náà ló ń gbé irin tọ́bò ró. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

22/
"Fílítà mi ń sẹ́ ìdá 97 nínú 100 eruku." Ó dára. Ká ní ti inú àpótí àtijọ́ ń sẹ́ 99. Létí, 97 àti 99 jọra. Ẹ wá wo ohun tó ń kọjá: 1 pẹ̀lú ti àtijọ́, 3 pẹ̀lú tiyín. Ìlọ́po mẹ́ta eruku ló ń wọ ẹ́ńjìnnì. Ìlànà kan wà tí wọ́n fi ń dán fílítà wò kárí ayé, ISO 5011 ni. Ó ń wọn bó ṣe ń sẹ́ eruku sí, bí eruku tó lè gbà ṣe pọ̀ tó, àti bó ṣe ń dí afẹ́fẹ́ lọ́nà tó. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ béèrè èsì rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Tó bá ń wojú yín láìfèsì, ẹ máa lọ.

23/
Ẹ̀rí tó wù mí jù lọ wà níwájú ilé wa. Ẹ lọ wo jẹnẹrétọ̀ ńlá tó wà láwọn ilé iṣẹ́ Ọ̀tà: Cummins, Perkins, Caterpillar. Tọ́bò wà lára púpọ̀ nínú wọn. Ẹ wo tírélà Mack, DAF, Howo. Tọ́bò ni. Ẹ wo katapílà tó ń wú ilẹ̀. Èwo nínú wọn lẹ ti rí fílítà tó wà ní ìhòòhò? Ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi pawó lójoojúmọ́, tó ń ṣiṣẹ́ nínú eruku, inú àpótí ńlá tó sé dáadáa ni fílítà rẹ̀ ń gbé.

24/
Kódà wọ́n ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ tírélà ló gbé ẹnu tí wọ́n fi ń fa afẹ́fẹ́ sókè lẹ́yìn orí ọkọ̀, kó jìnnà sí eruku ilẹ̀. Àwọn katapílà kan ní ike roboto lórí tó ń yí eruku dànù kí afẹ́fẹ́ tó dé ọ̀dọ̀ fílítà. Nínú àpótí, fílítà méjì ló máa ń wà nígbà míì, ńlá níta, kékeré nínú, kí kékeré máa ṣọ́ ẹ̀yìn ńlá. Wọ́n tún máa ń fi ohun kékeré kan sára rẹ̀ tó ń di pupa tí fílítà bá ti dí. Ìgbà yẹn ni wọ́n máa ń pààrọ̀ rẹ̀.

25/
Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ nìyí: ẹnjíníà tó bá fẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé fàlàlà máa ń fi fílítà tó tóbi sínú àpótí tó sé. Kì í bó fílítà sí ìhòòhò. Ọgbọ́n tẹ́ ẹ̀ ń wá lọ sórí YouTube àwọn ará Amẹ́ríkà, tó jẹ́ pé ọ̀dà dídán ni wọ́n ń sáré lé, ọwọ́ ẹni tó ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀ nílé iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn ilé yín ló wà. Ẹ lọ bá a sọ̀rọ̀.

26/
Ó kù. Fílítà olówùú tí wọ́n ń fi ọ́ìlì pa, tí ọ́ìlì bá pọ̀ jù lára rẹ̀, á lọ bá sẹ́ńsọ̀ MAF tó ń wọn afẹ́fẹ́. Wáyà tín-ín-rín tó ń gbóná ló wà nínú ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀ yẹn. Ọ́ìlì àti eruku á bò ó, á bẹ̀rẹ̀ sí í parọ́ fún brain box. Tí páìpù tuntun bá sì fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ níbi tí MAF jókòó sí, irọ́ náà nìyẹn. Iná check engine á tàn, P0101 tàbí P0171 á jáde. Rewáyà á ní kẹ́ ẹ ra sẹ́ńsọ̀ tuntun. Sẹ́ńsọ̀ ò ṣẹ̀ yín o, páìpù ni.

27/
Àwọn tó gbọ́n díẹ̀ á ní: "Èmi gbé fílítà tèmi sísàlẹ̀, lẹ́yìn bọ́ńpà, kó lè rí afẹ́fẹ́ tútù." Ó dára, ẹ ti sá fún ooru. Omi ńkọ́? Ẹ mọ bí omi ṣe ń dúró lójú ọ̀nà wa tí òjò bá rọ̀. Tọ́bò tó ń fa afẹ́fẹ́ á fa omi. Omi ò ṣeé fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́. Písítìnnì á gòkè, á bá omi pàdé, irin tó gbé e dání á tẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tán. Lókè, ooru. Nísàlẹ̀, omi. Àpótí tó bá ọkọ̀ dé ti ro méjèèjì mọ́ ọn.

28/
Ṣé intake ò wúlò rárá ni? Rárá o, ó ní ibi tó ti wúlò. Ẹni tó bá ti yí ohun tó wà nínú brain box padà, tàbí tó fi tọ́bò tó tóbi sí i, afẹ́fẹ́ tó ń wá ti ju èyí tí ilé iṣẹ́ rò lọ. Ibẹ̀ ni àpótí àtijọ́ ti lè dí i lọ́nà lóòótọ́. Ẹni yẹn lè ra intake, kó ṣáà jẹ́ èyí tó ní àpótí tó sé, tó ń fa afẹ́fẹ́ níwájú ọkọ̀, tí fílítà rẹ̀ jẹ́ èyí tí kò lo ọ́ìlì. Ní ti ìyẹn, a jọ fẹnu kò.

29/
Àmọ́ yíyí brain box padà náà gba làákàyè. Tẹ́ ẹ bá ní kí tọ́bò ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sí i, epo tó dáa lẹ gbọ́dọ̀ fún un, kó má bàa bẹ̀rẹ̀ sí í ta kóókó nínú sílíńdà. Ẹ rántí epo tí methanol pọ̀ jù nínú rẹ̀ tó wọ ìlú ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022, àti iye èèyàn tó pariwo pé ọkọ̀ àwọn bàjẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é fún yín gbọ́dọ̀ lè fi àkọsílẹ̀ sẹ́ńsọ̀ ọkọ̀ yín hàn yín, ṣáájú àti lẹ́yìn. Tó bá jẹ́ pé "bọ̀dá, ẹ fọkàn balẹ̀" nìkan ló ní lẹ́nu, ẹ gbé mọ́tò yín.

30/
Kí lẹ lè ṣe lónìí láti gba agbára yín padà? Ẹ ṣí àpótí fílítà, ẹ wo bóyá kílíìpù rẹ̀ pé, bóyá rọ́bà etí fílítà jókòó dáadáa. Ẹ pààrọ̀ fílítà ṣáájú ìgbà tí ìwé ọkọ̀ sọ, torí ìwé yẹn ò mọ Ọ̀tà. Ẹ má fi afẹ́fẹ́ fọ́ká fẹ́ fílítà oníbébà, ó lè lù ú. Ẹ ní kí wọ́n wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jò lára àwọn hóòsì tọ́bò àti intercooler. Nínú tòkunbọ̀, hóòsì tó ti sán tàbí dímọ̀ tó ti dẹ̀ wọ́pọ̀ gan-an, agbára tó ń gbé lọ sì lè ju èyí tí intake kankan lè fún yín lọ.

31/
Púlọ́ọ̀gì tó gbó, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ọ́ìlì tí ìwé ọkọ̀ sọ ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ sì máa yí i lásìkò, torí tọ́bò ò ní ọ̀rẹ́ míì. Lẹ́yìn náà, ẹ ra scanner Bluetooth kékeré tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀. Ẹ wo IAT, ìyẹn ooru afẹ́fẹ́ tó ń wọlé, pẹ̀lú àpótí, kẹ́ ẹ tún wò ó pẹ̀lú páìpù tuntun, lójú ọ̀nà kan náà, ní àsìkò kan náà. Nọ́ńbà kì í ṣe ojúsàájú.

32/
Ẹ̀yin ọ̀gá mẹ́kàníìkì wa, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju gbogbo wa lọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọmọdé tó gbé Golf rẹ̀ wá pẹ̀lú páìpù nínú páálí, ẹ̀yin ló fọkàn tán. Iṣẹ́ wákàtí kan ni, ó rọrùn láti gbowó rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí tọ́bò bá kú, Ládípọ̀ lẹ máa rán an lọ láti lọ wá Belgium, òun náà ò sì mọ iye eruku tí ìyẹn ti jẹ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ bá a wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jò, ẹ gbowó iṣẹ́ yẹn. Á padà wá. Á tún mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá.

33/
Àpótí dúdú tí kò lẹ́wà yẹn, tó ń jókòó jẹ́ẹ́ ní kọ̀rọ̀ bọ́nẹ́ẹ̀tì, òun ló ń dúró láàárín ẹ́ńjìnnì yín àti gbogbo erùpẹ̀ Ọ̀tà. Tẹ́ ẹ bá ti yọ ọ́, tó ṣì wà nílé, ẹ lọ dá a padà ní ọ̀sẹ̀ yìí. Tẹ́ ẹ bá ti tà á, ẹ wá òmíràn rà kí ọyẹ́ tó dé.

34/
Ẹni tó bá ní nọ́ńbà tó ta ko tèmi, IAT ṣáájú àti lẹ́yìn, bọ́nẹ́ẹ̀tì ní pípadé, kó gbé e wá síbí, ká jọ wò ó. Ẹ̀yin yòókù, ẹ ya fọ́tò fílítà tó wà nínú ọkọ̀ yín báyìí, ẹ jẹ́ ká rí eruku tó sẹ́ fún yín. Kẹ́ ẹ sì bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ yín tó ń gbèrò láti ra páìpù lóṣù tó ń bọ̀.